Àrùn Àjẹjù Kì í Ṣe Wọ̀bìà

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a sọ fún àwọn ará Ekinrin-Adde

Ọkun ni ìkíni tí àwa Ìjùmú, Yàgbà, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ fi ń mọ ara wa, òun náà ni ó sì di orúkọ tí a ń pe gbogbo wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi rẹ́rìn-ín ní gbangba, tí àwọn kan sì ń sunkún lé lórí ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹni tí ó ń jẹun, tí kò sì lè dá ara rẹ̀ dúró.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó jẹ iyán rẹpẹtẹ, tí ó sì tún ní kí a bu sí i, kò sí àrùn níbẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ṣe. Bí a bá lọ sí ibi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, tí a sì jẹ ju bí ó ti yẹ lọ, kò sí àrùn níbẹ̀ pẹ̀lú, ayẹyẹ ni. Àrùn tí mo ń sọ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó bá ní i a máa jẹ oúnjẹ tí ó pọ̀ ju èyí tí ẹlòmíràn lè jẹ lọ láàrin àkókò kúkúrú, yóò sì dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń gbé òkèlè sí i lẹ́nu. A máa yára jẹun. A máa jẹun nígbà tí ebi kò pa á. A máa jẹ títí ikùn rẹ̀ yóò fi máa ro ó. A máa jẹ ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ìtìjú. Nígbà tí ó bá sì jẹ tán, ìtẹ́lọ́rùn kọ́ ni yóò ní, bí kò ṣe ìbànújẹ́ àti ìríra ara rẹ̀. Bí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, àwọn oníṣègùn a máa kà á sí àrùn.

Ní 1959, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Albert Stunkard, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n sanra. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú wọn a máa jẹun lọ́nà yìí, wọn a sì máa dá ara wọn lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ó gba ọdún tí ó ju 50 lọ kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kà á sí àrùn tí ó dá dúró, ní 2013. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi í sínú ìwé orúkọ àrùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022. Bí àwọn tí ó ní ilé ìwádìí ńláńlá bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní orúkọ, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àwa náà kò ní orúkọ fún un. Èyí tí a ní ni wọ̀bìà, alájẹkì àti ọ̀kánjúwà. Orúkọ ìwà ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ orúkọ àrùn nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Mo dá a sílẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Ó ń ta gàrí ní ọjà, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Abuja. Àwọn ènìyàn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ó sanra jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó búra pé òun kò ní fi ẹnu kan oúnjẹ títí di ọjọ́ kejì. Ó lọ sí ọjà láìjẹun. Ní ọ̀sán, omi ni ó mu. Ní ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kan tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò wá, ó padà sí ilé pẹ̀lú ìrònú, kò sì sí àgbà kankan tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ bu gàrí díẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Mo ti ba ìbúra mi jẹ́ ná, kí ni ó tún kù?" Ó jẹ ìyókù iyán, ó jẹ búrẹ́dì tí ó rà fún àwọn ọmọ, ó sì jẹ ẹ̀wà tí ó wà nínú ìkòkò. Ó fọ ìkòkò náà ní òru kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún búra: ó ní ọjọ́ méjì ni òun yóò fi gba ààwẹ̀ báyìí.

Ẹni tí ó bá rí ìkòkò òfìfo náà nìkan yóò sọ pé wọ̀bìà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọpa ọjọ́ náà láti òwúrọ̀ yóò rí ohun mẹ́ta: ebi, òfin líle tí obìnrin náà fi de ara rẹ̀, àti ìbànújẹ́ tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti ebi ni àkọ́kọ́. Ní oṣù November 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láti mọ ohun tí ebi ń ṣe sí ènìyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin 36 ni ó yọ̀ǹda ara wọn. Ara wọn le, ọpọlọ wọn sì pé. Fún nǹkan bí oṣù 6, a dín oúnjẹ wọn kù títí ara wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn ọkùnrin tí kì í ronú nípa oúnjẹ tẹ́lẹ̀ wá ń rò ó tọ̀sán-tòru. Wọ́n ń fi oúnjẹ lálàá. Àwọn kan nínú wọn ń ka ìwé ìdáná bí ẹni tí ń ka ìwé ìtàn. Inú wọn bàjẹ́, wọ́n sì ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà tí a tún wá fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, àwọn kan jẹ títí ikùn wọn kò fi gba nǹkankan mọ́, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn kò yó. Ó pẹ́ kí èyí tó kúrò lára wọn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìwà àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ó bàjẹ́ lójijì. Ebi ni. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìwádìí tó dé, tí wọ́n fi sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìkejì ni ti òfin líle. Ní 1975, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Herman àti Mack, pe àwọn ọmọbìnrin yunifásítì kan jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní wàrà dídùn mu, wọn kò sì fún àwọn mìíràn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé áísìkiriìmù kalẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ bí ó ti wù wọ́n. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ tí wọ́n ti mu wàrà kò jẹ púpọ̀ mọ́, nítorí ikùn wọn ti ní nǹkan nínú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ kí wọ́n má baà sanra ṣe òdìkejì: àwọn tí wọ́n mu wàrà nínú wọn ni ó jẹ áísìkiriìmù jù. Èéṣe? Nítorí wọ́n gbà pé òfin ti bàjẹ́ fún ọjọ́ náà. Ó dà bí ẹni tí abọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fọ́, tí ó wá ní kí òun kúkú fọ́ gbogbo abọ́ ilé. Òfin tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe kékeré, àṣìṣe ńlá ni ó ń bí.

Ìkẹta ni ti ìbànújẹ́. Oúnjẹ a máa tu ènìyàn nínú. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà lẹ́nu ọmú ni ó ti mọ̀ pé bí òun bá sunkún, a ó fi nǹkan sí òun lẹ́nu. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ni ènìyàn ní láti fi gbàgbé ìbínú, ìdáwà, ẹ̀rù tàbí àárẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò kọ́ láti máa sáré lọ sídìí ìkòkò nígbàkúùgbà tí nǹkan bá dùn ún. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó fi ń jẹun, kò ní rántí ohun tí ń dùn ún náà, ìdí nìyí tí ọkàn fi ń fẹ́ kí ó tún ṣe é. Opó tí ó dá wà, ọmọ ilé ìwé tí a ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí a fi ìyà jẹ nígbà èwe, ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè bọ́ sínú rẹ̀. A sì mọ̀ pé ó máa ń wà nínú ìdílé kan ju òmíràn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àrùn obìnrin nìkan ni. Ọkùnrin púpọ̀ ni ó ní i, wọn kì í kàn sọ ni.

Ẹ tún fi ti ayé òde òní kún un. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń yin ẹni tí ó sanra pé ara rẹ̀ ń dán. Ní ọjọ́ kan náà, àwòrán orí fóònù ń sọ fún ọmọbìnrin kan náà pé kí ó rù, àwọn kan sì ń tà á ní àgbo àti tíì tí yóò fọ̀ ọ́ nínú. Àárín ohùn méjèèjì yìí ni ọmọ náà dúró sí, tí kò mọ èyí tí yóò gbọ́.

Bí a bá so ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a ó rí bí àrùn náà ti ń yí. Ìtìjú ń bí ààwẹ̀. Ààwẹ̀ ń bí ebi. Ebi àti ìbànújẹ́ ń bí àjẹjù. Àjẹjù sì tún ń bí ìtìjú. Nígbà tí a bá pe ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ní wọ̀bìà, a rò pé à ń bá a wí kí ó lè jáwọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ni a tún bù kún ìtìjú rẹ̀, àwa gan-an ni a sì ran àrùn náà lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má ṣe gbàgbé èyí.

Àrùn náà kì í sì í ṣe ohun eré. Ó lè mú àsanjù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wá. Ó máa ń bá ìsoríkọ́ rìn, àwọn mìíràn a sì máa ro bí wọn yóò ti gba ẹ̀mí ara wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sanra ni ó ní i, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní i ni ó sanra. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ojú lásán dá ẹjọ́.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ó ní ìwòsàn, ọ̀rọ̀ sísọ ni ó sì pọ̀ jù nínú oògùn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1980 ni dókítà Christopher Fairburn ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà ìtọ́jú kan tí ó ń tún èrò àti ìṣe ènìyàn nípa oúnjẹ ṣe. Nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn tí ó tẹ̀lé irú ìtọ́jú yìí ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ àjẹjù, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù sì ń rí ìrọ̀rùn. Ní 2017, àjọ tí ó ń gba àwọn oníṣègùn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn sọ pé kí a kọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí ó ní àrùn yìí ní ìwé tí yóò máa kà, tí yóò sì máa tẹ̀lé, kí ẹnìkan sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀yin ará yàrá ìkàwé, ẹ rí i pé ìwé kíkà pàápàá lè di oògùn.

Kí ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni? Èkíní ni pé kí ènìyàn máa jẹun ní àkókò. Kí ó jẹun ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ó sì fi ìpanu díẹ̀ sí àárín wọn, bí ẹ̀pà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó má baà ju wákàtí 4 lọ láìjẹ nǹkankan ní ojú ọ̀sán. Bí àjẹjù bá ṣẹlẹ̀ ní alẹ́, kí ó mu ẹ̀kọ rẹ̀, kí ó sì jẹ àkàrà rẹ̀ ní òwúrọ̀ bí ẹni pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. Èyí ni ó ṣòro jù, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń já okùn àrùn náà. Kí ẹni tí ó ní i bá àlùfáà tàbí lémọ́ọ̀mù rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó gba ààwẹ̀. Ẹ̀sìn méjèèjì ni ó fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn.

Èkejì, kí ó máa kọ ohun tí ó jẹ sílẹ̀, àkókò tí ó jẹ ẹ́, àti ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè máa rò ó ní alaalẹ́ kí ó tó sùn. Láìpẹ́, yóò rí i pé àjẹjù náà ní ọjọ́ tirẹ̀ àti ìdí tirẹ̀: bóyá ọjọ́ tí ó bá ìyá ọkọ jà, bóyá ọjọ́ tí kò jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀kẹta, kí ó ní ohun mìíràn ní ìpamọ́ tí yóò ṣe nígbà tí ìfẹ́ àjẹjù bá dé. Bí ìjì ni ìfẹ́ náà. A máa le, a sì máa kọjá. Kí ó wẹ̀, kí ó rìn lọ sí ilé ọ̀rẹ́, kí ó pe ẹnìkan lórí fóònù, kí ó lọ sí ibi tí ẹgbẹ́ akọrin gbé ń kọrin.

Ẹ̀kẹrin, kí ó rọ òfin rẹ̀. Oúnjẹ tí a kà léèwọ̀ pátápátá ni ọkàn máa ń fẹ́ jù. Kí ó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, títí ẹ̀rù rẹ̀ yóò fi kúrò.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó wá ojútùú sí ohun tí ń dùn ún. Ọ̀nà ìtọ́jú mìíràn tilẹ̀ wà tí a ti dán wò tí ó sì ṣiṣẹ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu kan oúnjẹ. Ọ̀fọ̀, aáwọ̀ nínú ilé, ìyípadà ipò àti ìdáwà ni wọ́n ń bójú tó níbẹ̀. Bí nǹkan bá ti tòrò láàrin ènìyàn àti àwọn ará ilé rẹ̀, àjẹjù náà a máa lọ sílẹ̀. Oògùn náà wà tí dókítà lè fúnni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á fúnra rẹ̀. Kí ó má sì ṣe fi ọwọ́ bọ ọ̀fun láti bì, tàbí kí ó lo oògùn ìyàgbẹ́ láti fi lé oúnjẹ jáde. Àrùn mìíràn ni ìyẹn ń dá sílẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní 1954, dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Kàkà kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé nínú àwọn abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ní ilé àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé gbé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ yìí gbé orúkọ rẹ̀ ga títí ó fi di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àrùn àjẹjù kọ́ ni ó dá ètò náà sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu: kò yẹ kí a yọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kúrò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀.

Iṣẹ́ wá kan gbogbo ará ilé. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ lórí abọ́ rẹ̀ tàbí lórí ara rẹ̀. Ẹ má ṣe ti oúnjẹ mọ́ àpótí nítorí rẹ̀. Ìtìjú ni ẹ ń tì mọ́ ọn lọ́kàn. Ẹ pè é kí ó wá bá yín jẹun, nítorí àrùn yìí kì í fẹ́ kí a jọ jẹun. Ìkọ̀kọ̀ ni ó fẹ́ràn. Kí ọkọ tí ó wà ní ìdálẹ̀ máa pe ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe láti béèrè owó ọjà nìkan, bí kò ṣe láti béèrè bí ọjọ́ náà ti rí fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn náà, ẹ má ṣe béèrè pé, "Kí ni o jẹ?" Ẹ béèrè pé, "Kí ni ó ń dùn ọ́?"

Ẹ má ṣe gbàgbé pé àrùn ara náà lè fa ebi. Ẹni tí ebi ń pa ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó sì ń rù, kí ó tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí àtọ̀gbẹ. Àwọn oògùn kan náà a máa mú kí ènìyàn jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wa ni kí a kọ́kọ́ lọ. Wọn yóò sọ bí ó bá yẹ kí a lọ sí Kabba, sí Lokoja, tàbí sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rù pé a ó pe òun ní wèrè. Ní January 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin àwọn wèrè tí a jogún láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ọkàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti sí ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin ará Ekinrin-Adde, bí ẹnìkan bá wà láàrin wa tí ọ̀rọ̀ yìí bá, kò ní dìde báyìí kí ó sọ ọ́, n kò sì retí pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò fi etí sílẹ̀ sí ohun tí àwa ìyókù yóò máa sọ bí a bá ti jáde kúrò níhìn-ín. Bí ó bá gbọ́ ẹ̀rín, yóò tún pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ inú. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àánú, ó lè yan ẹnìkan nínú wa, kí ó sì sọ fún un. Láti ibẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.